Àga Rẹ ní Kọ́nà Kẹrin

Speedway, Indiana,
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta, 2008.

Lowell, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Nadine ìyàwó rẹ. Ṣé ara le? Ọwọ́ ọ̀tún rẹ ńkọ́? Ní tèmi, orúnkún ń dùn mí, ilé sì dákẹ́ jù láti ìgbà tí Bernice ìyàwó mi ti kú. Tẹlifíṣọ̀n ni mò ń bá jiyàn báyìí.

O ti gbọ́ pé wọ́n ti parí ìjà. Ọdún méjìlá tí wọ́n fi pín eré ìje ọkọ̀ wa sí méjì, àwọn tó ni ọkọ̀ lápá kan, àwọn tó ni pápá lápá kejì! Àwọn ọ̀gá ti bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ti ya fọ́tò. Àwa tí wọ́n fà ya ńkọ́?

Láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìje ṣì wà níwájú, kí wọ́n tó gbé e sẹ́yìn, ni Bàbá ti ń mú wa lọ wòran ní pápá níbí. Lọ́dún 1996, o tẹ̀lé ọ̀gá rẹ, ẹni tí ò ń pààrọ̀ táyà ọkọ̀ fún, lọ sáré ní Michigan, lọ́jọ́ kan náà gan-an tí wọ́n ń sáré níbí. Mo pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀.

Ohun tí o kò mọ̀ nìyí. Lọ́jọ́ yẹn, mo jókòó sáyè mi ní kọ́nà kẹrin pápá, rédíò létí. Wọ́n ní ọkọ̀ ọ̀gá rẹ ti ṣe jàǹbá níbi tí ẹ ti ń pààrọ̀ táyà. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní, “Ẹ̀san rèé! Ó tọ́ sí wọn!” Àwọn tó jókòó ní ìlà wa pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dárúkọ ẹni tó ṣèṣe lọ́wọ́: Lowell Rausch. Àbúrò mi, n kò dìde. Mo jókòó títí ẹni tó borí níbí fi mu mílíìkì tí wọ́n máa ń fún olúborí tán, torí n kò fẹ́ kí ojú tì mí lọ́dọ̀ wọn. Bernice ló wá bá ọ ní ọsibítù. Mo ní kó sọ fún ọ pé ọkọ̀ mi ló bàjẹ́. Èmi, mẹkáníìkì!

O mọ òfin àwọn tó ni pápá: ẹni tí kò bá tún sanwó àga rẹ̀ lọ́dọọdún, àga ti bọ́ nìyẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń san tìrẹ mọ́ tèmi. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, mà á ní, “Àbúrò mi ló ni ín, ó lọ ra oúnjẹ.” Lọ́dún tó kọjá, Virgil tó ń jókòó lẹ́yìn wa ní, “Delbert, irú oúnjẹ wo nìyẹn? Ṣé màlúù tí wọ́n fẹ́ pa ni wọ́n ṣì ń lé kiri ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rín in. Ó dùn mí wọra.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo jẹ̀bi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Wá wo eré ìje lóṣù Karùn-ún. Bí o kò bá tiẹ̀ fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ṣebí ariwo ọkọ̀ kò ní jẹ́ ká gbọ́ra náà.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí wa sí, á sì ṣọ́ ilé rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ṣẹ̀ ọ́,
Delbert.

Mo tún rántí: bí o kò bá ní wá, jọ̀wọ́, má kọ̀wé sí mi. Jẹ́ kí n máa retí rẹ títí wọn ó fi ju àsíá lọ́jọ́ eré ìje pé kí àwọn ọkọ̀ gbéra.