Alùpùpù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin Tí Bíréèkì Ọwọ́ Rẹ̀ Kò So Mọ́ Nǹkan Kan

Ilé Iṣẹ́ Agbẹ́rin Ògúnlàdé,
Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí Kékeré,
Ojú-Òrè, Ọ̀tà,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ààbò,
Ẹgbẹ́ Àwọn Onílé-Iṣẹ́ Òkè-Ìrẹ̀,
Sango-Ọ̀tà,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KẸTA: KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ ṢE GUN ALÙPÙPÙ ẸLẸ́SẸ̀ MẸ́RIN TÍ Ẹ GBÀ LỌ́WỌ́ MI MỌ́

1. Èmi, Nùrẹ́nì Ògúnlàdé, ọmọ bíbí Ìrágbìjí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni mo ń kọ ìwé yìí. Ó di ọdún kẹtàlélógún tí mo ti ń gbẹ́ irin lórí ẹ̀rọ ní Ọ̀tà, kò sì yà mí lẹ́nu bí irin tí mo gbẹ́ bá ń yí lọ́wọ́lọ́wọ́ nínú ilé-iṣẹ́ ọ̀kan nínú yín. Mo kọ̀wé sí yín ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án. Mo tún kọ ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá. N kò rí èsì kankan gbà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ara mi ni, ǹ bá ti fi í sílẹ̀, nítorí pé n kì í ṣe ẹni tí ń da ọ́fíìsì ọlọ́fíìsì láàmú.

2. Kí ó yé yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé n kò bẹ̀bẹ̀ kí ẹ dá alùpùpù náà padà fún mi. Mo ti gbà pé ó ti lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Silas, ẹ̀ṣọ́ yín tí ń gùn ún yípo ọgbà lójoojúmọ́, kí ó tó di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù yìí. Ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà yín sọ pé láti ọjọ́ náà lọ, alùpùpù yìí ni yóò máa ṣíwájú àwọn tírélà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹnu ọ̀nà kejì. Alùpùpù yẹn kò lè dúró lójijì fún ẹnikẹ́ni ní ayé yìí àfi èmi, èmi ni mo sì ṣe é bẹ́ẹ̀.

3. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo rà á ní àlòkù. Irú èyí tí àwọn ará òkè òkun fi ń sáré ìdíje lórí iyẹ̀pẹ̀ ni, kì í ṣe irú èyí tí a fi ń ṣiṣẹ́ oko. Lẹ́tà mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù nínú orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ náà nínú gbogbo àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n lọ bá àwọn tó bí i. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìwà rẹ̀ ni kò dára. Bí ó bá ti ń sáré, tí ó sì kan gegele, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á sì máa fà sí òsì bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń wọ́ lọ sọ́jà. Bí a bá sì gé kọ́nà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan á gbé sókè.

4. Mo tú u palẹ̀ pátápátá. Mo fi irin kún ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìbú ìka mẹ́ta lápá kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò sì gbé sókè mọ́. Ní ti fífà tí ó ń fà sí òsì, mo rí i pé ike ni bọ́ọ̀ṣì tí ọ̀pá ìdarí rẹ̀ ń yí nínú rẹ̀, ó sì ti jẹ. Mo gbẹ́ òmíràn láti ara idẹ. Láti ọjọ́ náà ni ó ti gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àyè tí bọ́ọ̀ṣì náà wà kéré, idẹ náà sì tín-ín-rín. A gbọ́dọ̀ máa fi gíríìsì sí i ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Bí a kò bá fi sí i, yóò máa dún kọ́, kọ́, nígbà tí a bá yí ọwọ́ sí ọ̀tún. Bí ó bá dún títí tí idẹ náà jẹ tán, ìró náà á dákẹ́. Ẹni tó ń gùn ún á rò pé ara rẹ̀ ti yá, nígbà tí ó jẹ́ pé kò sí ohun tó di ọ̀pá ìdarí náà mú mọ́.

5. Èyí tó kù nira fún mi láti kọ, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ṣe kókó. Ní ọdún 2009, ẹ̀rọ tí ń tẹ irin gé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mi àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e, ní ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú yìí. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo ayé fi ń tẹ irú alùpùpù yìí kí ó tó sáré. Èmi kò ní in. Nítorí náà, mo gbé ohun tí a ń tẹ̀ náà lọ sí apá òsì. Ìka méjì tó kù sí mi lọ́wọ́ ọ̀tún kò sì lágbára láti fún bíréèkì. Mo yọ wáyà bíréèkì náà kúrò, mo kó gbogbo agbára ìdúró sórí èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Bí n kò bá sì rí nǹkan fi ìka méjèèjì kọ́, ọwọ́ mi a máa yọ̀. Nítorí ìdí yìí, mo fi irin bíréèkì sílẹ̀ síbẹ̀, mo fi sípíríǹgì tì í lẹ́yìn kí ó lè le. Ẹ̀yin ọ̀gá, ó le lọ́wọ́ bíi bíréèkì gidi. Kò so mọ́ nǹkan kan.

6. Mo mọ̀ pé Silas mọ̀ ọ́n, torí pé èmi fúnra mi ló sọ fún un. Ẹsẹ̀ ló ń lò nígbà tí ó bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ọdún mẹ́fà ló fi gun ọ̀kadà ní Sango. Bí nǹkan bá yọ sí i lójijì, ọwọ́ rẹ̀ kò ní dúró gba ìmọ̀ràn. Ọwọ́ ọ̀tún á fún irin tí kò so mọ́ nǹkan, ọwọ́ òsì náà á fún pọ̀ nítorí ẹ̀rù, àtàǹpàkò rẹ̀ á sì tẹ ohun tí yóò mú un sáré sí i. Kàkà kí ó dúró, yóò fò.

7. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ èyí ní ọjọ́ tí ẹ gbà á. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ ni. Mo gbé irin tí mo gbẹ́ wá fún ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ yín, n kò sì mọ̀ pé òfin ti jáde pé alùpùpù tí kò ní nọ́ńbà kò gbọdọ̀ wọlé. Mo jẹ̀bi òfin náà, n kò jiyàn. Bàbá Ṣótúndé, ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́, ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ wá. Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti gé mi níka ni ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń gbé inú àpò. Àwọn ọmọ tí mo bí pàápàá kì í sábà rí i. Ọwọ́ òsì ni mo fi na kọ́kọ́rọ́ sí àgbàlagbà tó lè bí mi.

8. Ó wo ọwọ́ náà, ó ní: "Ọwọ́ òsì? Sí èmi?" Àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ wọlé ń wò wá. Ìṣẹ́jú yẹn ló yẹ kí n yọ ọwọ́ ọ̀tún mi síta, kí ọ̀rọ̀ parí. Ojú tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bíréèkì, ó sì dá mi lóhùn pé ẹni tí wọn kò kọ́ nílé kò ní ohun tí yóò kọ́ òun lóde. Wọ́n tì mí síta. Bí ìkìlọ̀ mi ṣe dúró sí ẹnu ọ̀nà yín nìyẹn, ó ti di ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá báyìí.

9. Ẹnìkan ní ọ́fíìsì yín, tí n kò ní dárúkọ, sọ fún mi pé wọ́n kọ "aláfojúdi" sí ẹ̀yìn lẹ́tà mi méjèèjì kí wọ́n tó tì wọ́n sínú àpótí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ṣótúndé nínú ìwé yìí, mo sì ṣetán láti wá dọ̀bálẹ̀ ní ojúkojú, níwájú àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àgbà ni wọ́n, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n fi dá mi lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ọ̀gá, Silas kọ́ ló fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan.

10. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá, alùpùpù náà gun orí pèpéle lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ti ń wọn ẹrù. Silas gbé e kúrò, kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi èmi. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí a kírun tán, mo dúró sí òdìkejì títì nígbà tí ó ń yí sí ọ̀tún. Mo gbọ́ ọ: kọ́, kọ́. Ní àárọ̀ àná mo tún lọ dúró síbẹ̀. Ó yí sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹta. N kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

11. Mo tọ Silas lọ sí ilé rẹ̀ ní Alápòtí ní ìrọ̀lẹ́ àná náà. Ọmọlúàbí ni. Ó gbé àga fún mi, ó sì tẹ́tí sílẹ̀. Ó ní òun ti sọ ọ́ níbi iṣẹ́, wọ́n sì dá òun lóhùn pé bí òun kò bá lè gùn ún, àwọn tí yóò gùn ún pọ̀ níta. Mo ní kí ó jẹ́ kí n wá fi gíríìsì sí i. Ó ní ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan dúkìá ọ́fíìsì. Ìyàwó rẹ̀, Àpọ́nlé, tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ òwú nínú ọgbà yín, gbé omi wá fún mi. Oyún oṣù méje wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn alùpùpù yẹn ló ń jókòó sí dé títì ńlá nígbà tí iṣẹ́ bá parí, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. N kò lè mu omi náà tán. Mo gbé agolo gíríìsì mi padà sílé.

12. Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín, kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀ lónìí tàbí lọ́la, ó pẹ́ tán, kí ó má kọjá ọjọ́ Àìkú. Ẹ pe mẹ́káníìkì tó bá wù yín, kí ó tú ọ̀pá ìdarí rẹ̀ níwájú Bàbá Ṣótúndé. Èmi yóò wá dúró tì í bí ẹ bá gbà, n kò sì ní gba ohunkóhun. Bí ẹ kò bá fẹ́ rí ojú mi rárá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, kí ẹ tà á fún àwọn tí ń ra irin. Inú mi yóò dùn sí i. Mo ti bu ọwọ́ lu ìwé kan tó wà nínú àpò ìwé yìí, pé n kò ní bèèrè alùpùpù náà lọ́wọ́ yín láéláé.

13. Mo ti sọ fún ọmọ mi Waliyullah, tí yóò mú ìwé yìí wá, pé kí ó má kúrò ní ọ́fíìsì yín títí wọn yóò fi fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tèmi, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí i. Bí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́ yẹn, èmi yóò ya ẹ̀dà náà, a ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀. Bí ẹ kò bá gbà á, mo mọ ibi tí ìwé yìí ń lọ: agbẹjọ́rò kan ni yóò kà á sókè ní ilé ẹjọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Àpọ́nlé yóò sì jókòó níwájú níbẹ̀, yóò máa gbọ́ ọjọ́ tí ẹ ti mọ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ibí.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ìpayà,

Nùrẹ́nì A. Ògúnlàdé,
Agbẹ́rin, Ojú-Òrè, Ọ̀tà.