Ọ̀rọ̀ Tẹ́ Ẹ Sọ fún Màámi Lórí Bẹ́ẹ̀dì

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ máa yanjú ẹ̀. Màámi ti tún kọ̀. Ìgbà kẹta rèé tí Àǹtí Fúnmi, àkọ́bí yín, máa ní kó wá sí Èkó, kó wá bá àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀ gbafẹ́ létí òkun. Màámi ní òun ò lọ, pé ẹ̀yin lẹ ní kóun má lọ.

Ẹ̀yin kẹ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ò fi òkun hàn án láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti fẹ́ ẹ! Ọdọọdún lẹ máa ń sọ pé tá a bá ti wu iṣu oko wa ní Ìjàgbà tán, ẹ máa mú wa lọ. A wu iṣu títí a fi dàgbà. Ó ti ń dùn mí tipẹ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́.

Ẹ wò ó, àwọn òbí ọkọ Àǹtí Fúnmi ń lọ ní tiwọn. Lásìkò Àjíǹde tó kọjá, wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́. Àwọn ọmọ da yanrìn bo bàbá àgbà yẹn dé ọrùn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìyàwó ẹ̀ ká ìró sókè dé orúnkún, ìgbì ń gbá a lẹ́sẹ̀. Màámi gba fóònù lọ́wọ́ mi, kò dá a padà títí iná fi tán lára ẹ̀. Ó ń wù ú, Bàbá. Ó wù ú débi pé ó lọ ra bàtà rọ́bà, ó tọ́jú ẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rò pé mi ò rí i.

Lánàá, Tómi, àbígbẹ̀yìn Àǹtí Fúnmi, pè é. "Màmá Ọ̀wọ̀, ẹ máa bọ̀ o! A máa fi yanrìn bo ẹ̀yin náà dé ọrùn!"

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé mo ti kú tẹ́ ẹ fẹ́ sin mí?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, ojú ẹ̀ fàro. Ó ní ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ gbẹ̀yìn ní ọsibítù ni, "Ìyá Fúnmi, má dé ìdí òkun mọ́."

Mọ́ kẹ̀? Mọ́ ti ìgbà wo? Ṣé ó ti dé ibẹ̀ rí ni?

Ibẹ̀ lara ti fu mí. Ìdí kànga ẹ̀yìnkùlé wa ni Màámi ń dé lójoojúmọ́. Okùn ló ń fà. Ẹ̀yin lẹ sì máa ń bá a jà torí ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Nígbà tára yín ṣì le gan-an, orín ò kúrò lẹ́nu yín, à ń méfò ohun tẹ́ ẹ ń wí ni. Ká má tún wá sọ ìgbà tí àìsàn ti fa ẹnu yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Okùn lẹ wí, òkun ló gbọ́!

Mo sọ fún un. Ó ní kí n má yí ọ̀rọ̀ òkú padà. Ló bá gbé korobá, ó tún kọrí sídìí kànga yẹn. Mo já korobá gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ sọ ọ́, mo ti jáde lọ ra omi yín, mo dúró lẹ́nu géètì ọsibítù, mò ń bá ẹni tó ń tà á jà pé omi ẹ̀ ò tutù. Ẹnu mi yìí náà ni. Kí n tó padà, ẹ ti sùn, ẹ ò sì jí mọ́. Ẹ má bínú, Bàbá. À bá jọ gbọ́ ọ ni.

Sátidé ni Àǹtí Fúnmi ń bọ̀ wá gbé e. Orúnkún Màámi ti ń dá a dúró, tí kò bá lọ lọ́tẹ̀ yìí, mi ò mọ̀ bóyá á tún lè rìn nínú yanrìn. Ẹ má wá sójú àlá tèmi o, ọ̀rọ̀ ti yé èmi. Tiẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ.

Èmi ọmọ yín tó ń bá yín jà, tí àárò yín sì ń sọ, ni mò ń bi yín: okùn ni àbí òkun? Ẹ dá ìyàwó yín lóhùn!