Ta Ló Jókòó Nídìí Agbada Mùtíátù?

Hafeezah ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n gbọ́ ìròyìn burúkú nípa rẹ. Àwa náà wà ní Ayépé, a ò kú. Ọ̀gbẹ́ni George aránṣọ ló ń bá mi kọ̀wé yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ṣúgà sí i. Òjò ń rọ̀, ẹ̀gẹ́ wa lọ́nà Odogbolu ta dáadáa, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì bí ìbejì. Ìròyìn rere parí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gàrí wa tí o ń tà lórí fóònù ni mo fẹ́ sọ. O wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá, o ní o ti to gbogbo ọdún sílẹ̀, pé o ti mọ ohun tí o máa bá àwọn oníbàárà sọ lóṣù kọ̀ọ̀kan: nígbà ooru, gàrí inú omi tútù àti ẹ̀pà, nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé, gàrí àwọn ọmọ, nígbà Ojúde Ọba, gàrí iyì Ìjẹ̀bú. O kò fi “bí Ọlọ́run bá fẹ́” kankan sí i. Ìyá rẹ náà to ọdún tiẹ̀ sílẹ̀, ó ní bí òjò bá dáwọ́ dúró òun á kun ilé. Òjò dáwọ́ dúró, òun kọ́ ló rí i.

Lẹ́yìn náà lo lọ pe Susannah, opó òdìkejì ilé wa. O gbé e jókòó sórí àpótí ìyá rẹ, nídìí agbada tí ìyá rẹ fi ń yan gàrí, o sì fi igbá ìyá rẹ lé e lọ́wọ́, o wá ń fi fóònù yà á. Ó wé gèlè aláwọ̀ ewé, ó ní ẹ kú ọdún Iléyá. Mo wà nínú yàrá, mo gbọ́, mo dáhùn pé ẹ kú ìyèdún, mo wọ bàtà, mo lọ bá Lèmọ́mù, mo ní ṣé ẹ ti rí oṣù ni ẹ kò sọ fún wa, èmi tí n kò tíì ra àgbò. Lèmọ́mù wò mí, ó ní, Bàbá Hafeezah, ẹ lọ sinmi. Kí n tó padà dé, Susannah ti wé gèlè pupa, ó ń kí wọn kú Kérésì nínú òjò yìí. Ó yan gàrí ọdún kan tán kí oòrùn tó wọ̀.

Ìyẹn kò dùn mí. Ohun tó ta mí lára ni pé Yasir oníkẹ̀kẹ́ fi fóònù rẹ̀ hàn mí, mo sì gbọ́ tí o pe Susannah ní Màmá wa. Àwọn ọkùnrin tí kò mọ ilé wa ń fi ọkàn pupa ránṣẹ́ sí i! Ọ̀kan láti Ìbàdàn ní ọwọ́ Màmá yìí ni adùn gàrí náà wà. Mo ní kí Yasir fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀ kí n sọ ọwọ́ tí adùn wà fún un. Yasir ní kò sí nọ́ńbà níbẹ̀. Irú èèyàn wo ló ń gbé inú fóònù tí kò ní nọ́ńbà?

Ta ló ń bó ẹ̀gẹ́ náà? Ta ló ń gbé òkúta lé e títí yóò fi kan? Ta ló ń yan án? Èmi ni, ìwọ náà sì mọ̀. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé kí àwọn ọkùnrin àdúgbò má bàa fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí apá ìyá rẹ kò gbé igbá mọ́, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń sọ pé, iná yín pọ̀ jù, ẹ yí i, ẹ má wojú mi, gàrí ni kí ẹ wò. Bó ṣe kọ́ mi ni mo ń ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ ni, èmi kàn ń yá a lò ni.

Mo lọ bá Susannah. Mo ní kó wé gèlè rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kó má wé e wá sídìí agbada ìyàwó mi mọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, Bàbá Hafeezah, ojú yín le jù, ta ló máa ra oúnjẹ lọ́wọ́ ojú bẹ́ẹ̀? Mo ní ta ló sin aya rẹ̀ tí ojú rẹ̀ rọ̀? Òun náà ti sin ọkọ. Ó wá ní, ó dáa, bí ìtìjú kò bá ní pa yín, ẹ ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé yín, kí ẹ jókòó kí wọ́n ya yín.

George ní kí n fara balẹ̀ rò ó. Mo ti rò ó. Mo ti ṣílẹ̀kùn náà. Àwọn tó fẹ́ rẹ́rìn-ín ti rín in tán, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ra gàrí. Nítorí náà, padà wálé, kí o tún ọdún rẹ tò. Fi owó fìlà ránṣẹ́, torí Susannah gba gèlè oríṣiríṣi, n kò sì lè fi fìlà kan ṣoṣo kí wọn láti Iléyá dé Kérésì. Fi owó àgbò kún un. Má fi sí báǹkì o. Ẹ̀rọ ara ògiri yẹn béèrè nọ́ńbà àṣírí mi, mo sọ ọ́ sókè ketekete, gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn mi ló gbọ́, òun nìkan ni kò gbọ́. Yasir ni kí o fi rán.

Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ni bàbá olójú líle yìí, sọ fún wọn pé ọkọ Mùtíátù ni.

Ọjà rẹ kò ní kùtà. Ọdún tí o tò sílẹ̀ yóò bá ọ láyé. Ọlọ́run yóò sì fún ọ ní ọkọ tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba àpótí rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àṣírù