Ẹ Kú Ewu Òkè Ayùnrẹ́

                                        Ilé Oníṣọ̀nà,
                                        Àdúgbò Òjòmu,
                                        Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù Ọ̀wàrà, 1989.

Àṣàbí, ọ̀rẹ́ mi tó ti di iyèkan,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara Bàbá Ọmọ́ládé le? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn ńkọ́, ṣé ó ti ń fi tẹlẹ̀ dáadáa? Ọmọ́ládé fúnra rẹ̀ ńkọ́, ọmọ tó ní òun kò ní fẹnu kan túwó àwọn Hausa títí òun yóò fi padà sí Ọ̀fà? Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìrójú, mo kí ọ kú ìlú onílùú, nítorí Kàdúná kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé ẹni. Àwa náà wà níbí. Lukman ti wọ kíláàsì kẹta, àbúrò rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé ara mi le, òótọ́ ni. Inú mi ni kò dùn.

O bèèrè alùpùpù mi nínú lẹ́tà rẹ, o ní kí n fi gbé ọ yí Ọ̀fà ká bí o bá wálé ọdún Kérésì. Má retí rẹ̀ mọ́, Àṣàbí. Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ, nítorí kò sí ẹni tí mo lè rò ó fún níbí tí kò ní sọ pé kí n máa dúpẹ́.

O rántí bí a ṣe rẹ́rìn-ín tó nígbà tí wọ́n pín àwọn alùpùpù náà fún àwa tí à ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí abúlé. Èmi nìkan ni obìnrin tó gbà á. Àwọn kan ní kí n gbé e fún ọkọ mi kó máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́ tísà rẹ̀, kí èmi máa wọ mọ́tò. Mo wọ ṣòkòtò sábẹ́ yẹ̀rì, mo so ìbòrí mi pinpin, mo sì kọ́ ọ lórí pápá bọ́ọ̀lù títí orúnkún mi fi bó. Láti ìgbà náà, ní gbogbo Ọjọ́rú, mo ń di àpótí abẹ́rẹ́ oníyìnyín sẹ́yìn, mo ń gba Ojoku kọjá, mo ń gun Òkè Ayùnrẹ́ lọ sí àwọn abà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí n tó dé òkè, àwọn ìyá yóò ti gbọ́ ìró mi nísàlẹ̀, wọn yóò ti kó ọmọ wọn jọ sábẹ́ igi. Nọ́ọ̀sì Alálùpùpù ni wọ́n ń pè mí. N kò ní purọ́ fún ọ, orúkọ náà dùn mọ́ mi ju èyí tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ lọ.

Òkè náà ga, ó tún lọ́, òkúta wẹ́wẹ́ ló sì kún un. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, mò ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wálé ni táyà ẹ̀yìn yọ̀, èmi àti alùpùpù bá ara wa nínú kòtò. Apá mi òsì yẹ̀, ojú mi bó. Apá jinná, ojú náà jinná. Ohun tí kò jinná ni àyà mi. Bí mo bá ti rí òkè náà lókèèrè báyìí, àyà mi a máa lù kìkì, ọwọ́ mi a sì máa gbọ̀n lórí bíréèkì. Ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, a sá. Ṣùgbọ́n èmi kò sá, Àṣàbí. Kò sí Ọjọ́rú kan tí n kò lọ.

Bí kì í bá ṣe ti kú ewu ni, ẹ̀rù náà ì bá ti fi mí sílẹ̀ tipẹ́. O mọ̀ wá níbí. Ẹni tí kò bá wá kí ọ kú ewu, ọ̀tá ni. Ẹni tó bá sì kí ọ lóòró, tí kò jókòó gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kò dùn ún dénú. Gbogbo agboolé wá, mo dúpẹ́. Oṣù ń gorí oṣù, àwọn tí kò sí nílé nígbà náà ń dé, wọ́n ń dá mi dúró lójú ọ̀nà, èmi náà ń sọ̀ kalẹ̀, mo ń rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ gbàgbé báyìí, ẹlòmíràn yóò tún rán mi létí tìfẹ́tìfẹ́.

Èyí tí Bàbá Àlàbí ṣe ló burú jù. Àgbẹ̀ oníṣu ni, ní Ojoku. Ó ju ọwọ́ sókè sí mi lọ́jọ́ kan, ní ìsàlẹ̀ òkè gan-an, mo rò pé ara ọmọ kan ni kò yá, mo dúró. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ewu o. Oko ni mo wà, ìgbà tí mo dé ni wọ́n tó sọ fún mi. Báwo ló ṣe jẹ́ gan-an?" Mo rò fún un. Ó mi orí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tí òkè náà ti pa fún mi, látorí ọkọ̀ agégi tó dànù láyé bàbá rẹ̀ dé orí oníkẹ̀kẹ́ kan tí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́. Ó ní, "Ibi tí ẹ ṣubú sí yẹn náà ni. Ọlọ́run ló yọ yín." Ó súre fún mi dáadáa, ó sì ní kí n máa gun òkè lọ.

Mo wá ọgbọ́n dá sí i fúnra mi. Igi ayùnrẹ́ ńlá kan wà ní ìsàlẹ̀ òkè. Bí mo bá débẹ̀, mo ń pa ẹ́ńjìnnì, mo ń jókòó sórí gbòǹgbò rẹ̀, mo ń di ọrùn ọwọ́ ara mi mú, mo ń ka bí iṣan ibẹ̀ ṣe ń lù, bí wọ́n ṣe kọ́ èmi àti ìwọ nílé ẹ̀kọ́ ìlera, títí iṣan náà yóò fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ń wọ jíà kìíní, tí mo sì ń wí fún ara mi ohun tí à ń wí fún ọmọ tí a fẹ́ gún lábẹ́rẹ́: ó ti tán, ó ti tán. Ìwọ náà mọ̀ pé irọ́ ni, a kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ a máa gbà á gbọ́, èmi náà sì ń gbà á gbọ́. Ìjókòó mi lábẹ́ igi ń kúrú sí i.

Bàbá Lukman nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Mo sọ ọ́ bí aya ṣe ń sọ ọ́ fún ọkọ, pé ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mo ti ń borí rẹ̀. Ó ní ó dára.

Ní Ọjọ́rú tó kẹ́yìn oṣù tó kọjá, mo dé ìdí igi, n kò sọ̀ kalẹ̀. Mo wọ jíà, mo kọjá. Àyà mi ń lù, mo jẹ́ kó máa lù. Mo gun Òkè Ayùnrẹ́ láìdúró, atẹ́gùn fẹ́ sí mi lójú lókè níbẹ̀, mo bá ké bí ọmọdé. Àdìkẹ́, ìyá ìbejì kan ní abà àkọ́kọ́, sáré jáde, ó rò pé mo tún ti ṣubú. Nígbà tó rí i pé ẹ̀rín ni mò ń rín, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Mo pe baba lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mò ń bọ̀, mo ra iṣu tuntun ní Ojoku fún Alhaja, ìyá ọkọ mi, mo ní a ó gún iyán, n ó sì ròyìn fún gbogbo ilé.

Mo délé, bàtà kún ẹnu ọ̀nà Alhaja. Àwọn àgbà ilé pé síbẹ̀. Bàbá Lukman wà ní igun, kò wo ojú mi. Alhaja ní, "Ìyá Lukman, jókòó. A ti bá ọ gbé e kúrò lọ́rùn."

Mo ní kí ni wọ́n gbé.

Ó ní, "Máṣíìnì yẹn ni. Bàbá Àlàbí ará Ojoku ti sọ fún wa pé o máa ń jókòó sábẹ́ igi, o máa ń gbọ̀n. Ọkọ rẹ náà ní òótọ́ ni, pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Ṣé kó o kú ká tó gbọ́ ni?"

Nígbà tí mo wà lórí òkè tí mò ń kígbe ayọ̀, àwọn àgbà ti wọ agbádá, wọ́n ti lọ bá ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Oyètúndé, ní ọ́fíìsì. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó gba alùpùpù lọ́wọ́ mi, kó fi mí jókòó sí ìlú. Bàbá Lukman dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. Ọ̀gá gbà.

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, Àṣàbí. Iṣu ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kí ni ìyàwó ilé fẹ́ sọ, nígbà tí àwọn arúgbó ti tìtorí rẹ̀ bẹ ẹni tí wọ́n lè bí? Wọ́n ṣàdúrà, mo ṣe àmín. Alhaja sunkún, ó sì tọkàn wá. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn, pé n kò rí òṣìkà kan nínú wọn tí n bá máa bú.

Ọkọ mi ni mo rí bú. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo bi í pé ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ìyàwó nìyí. Ó ní, "Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ pé ẹ̀rù ń bà ọ́." Mo ní, "Ẹ ò gbọ́ èyí tí mo sọ tẹ̀ lé e." Ó ní òun ti gbọ́ èyí tó kan òun. Láti ọjọ́ náà, mò ń se oúnjẹ, mò ń gbé e fún un, ẹnu mi kò sì là sí i.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá ọ̀gá. Mo sọ fún un pé mo ti gun òkè náà láìdúró. Ó ní, "Mádáàmù, ṣé kí n wá ní kí àwọn bàbá yẹn padà wá kó ẹ̀bẹ̀ wọn ni? Ẹni táwọn àgbà bẹ̀ tí kò gbà, ṣé ó fẹ́ dàgbà ni?"

Kamaldeen ni wọ́n gbé alùpùpù fún, ọkùnrin gìrìpá kan ní ọ́fíìsì wa. Ó dé ìsàlẹ̀ òkè lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó, ó sì yí padà. Ó ní ọ̀nà náà kò dára, pé kí àwọn ará abà máa gbé ọmọ wọn wá sí Ojoku. Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ làákàyè nìyẹn. Kò sí ẹni tó lọ bẹ̀bẹ̀ fún un. Tèmi tí mo gùn ni ẹ̀rù, tirẹ̀ tí kò gùn ni ọgbọ́n.

Níjọ̀ọ́sí, Àdìkẹ́ fẹsẹ̀ rìn wá sí Ọ̀fà, ó pọn ìbejì kan, ìyá ọkọ rẹ̀ pọn ìkejì. Ó bá mi ní ọ́fíìsì, níbi tí mo ti ń ká òwú tí a fi ń nu ojú abẹ́rẹ́. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé a ṣẹ̀ yín ni?" Mo gún àwọn ọmọ, mo ní ó ti tán. Ó ní àwọn ìyá yòókù kò lè rin ọ̀nà náà, pé wọ́n ṣì ń tẹ́tí sílẹ̀ ní Ọjọ́rú.

Bá mi kí Bàbá Ọmọ́ládé, kí o sì fi ọwọ́ pa Ọmọ́ládé lórí fún mi. Mo rí Màmá rẹ lọ́jà, ara wọn le. Àwọn náà wá bá mi yọ̀ lọ́jọ́ kejì tí alùpùpù kúrò lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá.

Nígbà tí mo ṣubú ní Òkè Ayùnrẹ́, gbogbo ayé ló kí mi kú ewu títí ó fi sú mi. Èyí tí mo ṣubú lórí ẹní Alhaja, lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú iṣu lọ́wọ́, kú oríire ni wọ́n ń kí mi. Bí o bá fẹ́ fèsì, má bá mi dúpẹ́, má sì gbà mí níyànjú. Ìwọ ṣáà kí mi kú ewu.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ, tí kò gun òkè mọ́,
                                        Sherifat.