Ohun Tí Ìyá Mi Sọ fún Nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ìyá mi kì í sí nílé lásìkò ètò yín lórí rédíò, ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò wa ń gbọ́ ọ.

Apá Ìbà la ń gbé. Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n wọn kì í lo oògùn lọ́jọ́ ìsìn. Mo bá wọn jà títí. Mo tilẹ̀ pè wọ́n ní olóríkunkun lójú àwọn ará ilé.

Lóṣù tó kọjá, nígbà tí mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tuntun kan fa àga sún mọ́ wọn, ó ní, "Màmá, kí ni oògùn yìí máa ń ṣe yín gan-an?"

Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni mo wà tí mo fi gbọ́ ìdáhùn wọn. "Ìtọ̀ ló máa ń gbọ̀n mí, ọmọ mi. Mo tọ̀ sára sútánà tí mo wọ̀ lọ sí ìsìn lójú gbogbo ìjọ lọ́jọ́ kan. Ìwọ nìkan lo bi mí léèrè. Àwọn tó kù, ariwo ni wọ́n ń pa."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ jẹ́ ká bi dókítà bóyá ẹ lè máa lò ó tí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé."

Dókítà gbà. Ìyá mi ti ń lò ó lójoojúmọ́ báyìí, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, àmọ́ wọn á mọ̀ pé mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún mi. Ẹ̀yin olóòtú, ẹ̀yin olùgbọ́, èwo ni yóò dùn wọ́n jù: ẹ̀bẹ̀ mi ni, àbí ìdákẹ́ mi?