Ọkọ̀ Òfuurufú Tó Yí Ayé Ká Tí Kò Yà Kí Ìyá

Ìlọràá,
Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn.

Wùnmí ọmọ mi, Àsàbí,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Fìyìnfólúwa ọmọ rẹ ńkọ́? Òtútù Laurel yín ní Amẹ́ríkà ńkọ́, ṣé ó ti ń rọlẹ̀? Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó ń mú ọ lọ tó ń mú ọ bọ̀ lójú títì Route 1, tí o ń wa ọkọ̀ gbà lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ìròyìn burúkú nípa rẹ láéláé.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nítorí iṣẹ́ abẹ ojú tí o san owó rẹ̀. Wọ́n ti tú báńdéèjì, èmi fúnra mi ni mo ń ṣa òkúta inú ìrẹsì báyìí. Mo mọ̀ pé òógùn rẹ ni. O ò ní rí àárẹ̀. Ewúrẹ́ Ìyá Kabir tún ti jẹ ẹ̀fọ́ mi, mo bú ìyá náà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Nígbà tí o gbé fóònù fún Fìyìnfólúwa lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kọ́kọ́ fi gèlè nu fóònù tèmi dáadáa, kí eruku ilé wa má baà kó sí ọmọ lójú. Ó wá fi Yorùbá rẹ̀ tó ń tàkìtì sọ fún mi pé tíṣà àwọn ní kí àwọn ṣírò bí ọkọ̀ òfuurufú yóò ṣe sáré tó kí ó tó lè yí gbogbo ayé ká láàárín ọjọ́ kan. Ó ní ẹgbẹ̀rún máìlì ó lé díẹ̀ ni ní wákàtí kan, tíṣà sì ní ó gbà á.

Háà! Inú mi dùn débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ṣèbí ìwọ lo sọ pé láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ, ìsinmi tí wọ́n ń fún ọ níbi iṣẹ́ kì í ju ọjọ́ kan lọ, òun ni o ò fi lè wálé? Ó mà ṣe wẹ́kú o! Bí ọkọ̀ náà bá ń yí gbogbo ayé ká, kò lè yọ Ìlọràá sílẹ̀. Ibi tó ti gbéra náà ni yóò sì padà sí, o ò ní pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ìṣirò ọmọ yẹn ò pé o, kó má bínú. Ó ṣe é bí ẹni pé ẹ máa kọjá lórí ilé mi láì yà. Ta ló ń gba iwájú ilé ìyá rẹ̀ kọjá tí kì í yà? Wàá kúnlẹ̀, màá gbé ọ dìde, màá kì ọ́, ẹ máa jẹun, ẹ máa dé ibi sàréè bàbá rẹ, màá di èlùbọ́ fún yín. Mo ní kí Tíṣà Akínlọ́lá tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa yọ wákàtí mẹ́jọ sílẹ̀ fún gbogbo ìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ó ṣe é, ó ní ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ lè sá ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ máìlì lọ ní wákàtí kan. Sọ fún awakọ̀ rẹ̀ kó má máa fà nílẹ̀.

Tíṣà tún fẹ́ sọ pé kò sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ń kó èrò. Mo ní kó panu mọ́. Amẹ́ríkà tí ọmọ mi wà, kí ni kò sí níbẹ̀?

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ọ̀dà funfun, kí wọ́n fi kun páànù orí ilé, kí awakọ̀ má baà yà sílé onílé. Bó bá sì ní òun ò lè dúró, má bá a jà. Kó ṣáà rọra tó bá dé orí Ìlọràá, kí o jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Màá ti wà níta láti àárọ̀.

Bí o ṣe ṣe mí lóore yìí, àwọn ọmọ rẹ á ṣe fún ọ, wọn ò sì ní jìnnà sí ọ.

Èmi ni ìyá rẹ.