Omi Tí A Dà Sí Irin Gbígbóná

Ọ̀gá mi Akíntóyè,

Ẹ kú ooru ṣọ́ọ̀bù ìjórin yín ní Isíkàn. Ẹ má bínú pé ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ̀wé sí àgbà. Ó ti ń mọ́ mi lára.

Kánádà dára. Ẹ rántí omi tí a máa ń dà sójú irin tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jó pọ̀, kí oníbàárà lè tètè gbé e lọ? Mo ní wọn ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀ ní pólì, ẹ sì dáhùn pé, "Ìwé kì í jó irin, ọmọ mi." Mo da omi yẹn sí ẹsẹ̀ táǹkì epo ńlá kan níbí. Wọ́n yìn mí pé ọwọ́ mi yá. Nígbà tí òtútù dé, irin náà kò tẹ̀, kò ké; ó kán bí àwo tánganran. Ọwọ́ ọ̀tún mi nìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ bá mi dúpẹ́. Wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ mi níṣẹ́. N kò dárúkọ yín.

Mo gbọ́ pé ọjọ́ méjì péré lẹ fi jó irin gálárì, ìjókòó òkè inú ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Óǹdó, pé ọjọ́ ìkórè ni èrò yóò kọ́kọ́ gùn ún. Ẹ kú ọwọ́ yíyá. Abẹ́ rẹ̀ ni màámi máa ń jókòó. Ẹ bá mi kí i, kí ẹ sì ní kó ṣe ìkórè tirẹ̀ níta, lábẹ́ igi.

Ọmọ iṣẹ́ yín,
Jíbọ́lá